Ọ̀gá Fìdẹ̀lí àti Gáàsì tí Kì í Rùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà síwájú ilé mi ní Ìkàrẹ́, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Bàbá, irú iṣẹ́ wo ni kí á kọ́?", mo mọ̀ pé èsì tó dùn létí lẹ ń fẹ́. Kò sí lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láyé mi: mo ń so rọ́bà gáàsì mọ́ àgbá bíà, ní hòtẹ́ẹ̀lì, ní kíláàbù, àti nílé àwọn tó lówó débi tí wọ́n fi fẹ́ kí bíà máa sun nínú pálọ̀ wọn bí omi ẹ̀rọ. Mo ṣe é títí irun mi fi funfun. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́, ẹ jókòó. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kọjá sílé kejì, ẹni tó ń ta fóònù wà níbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ là á yé yín. Bíà inú àgbá kì í dá sun, gáàsì ló ń tì í jáde. Ẹ ó gbé sìlíńdà gáàsì dúró, ẹ ó so rọ́bà kan láti ẹnu rẹ̀ lọ sórí àgbá, ẹ ó so rọ́bà kejì láti orí àgbá lọ sí ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé ife sí lábẹ́. Gáàsì gba ọ̀nà kan wọlé, bíà gba ọ̀nà kejì jáde. Gbogbo ibi tí irin bá ti pàdé rọ́bà ni kọnẹ́tọ̀ wà, inú kọnẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́ṣà wà, òrùka pẹlẹbẹ kékeré kan tó ń dí ojú ibẹ̀ kí gáàsì má bàa jò. Gáàsì yìí kì í ṣe èyí tí ìyàwó yín fi ń dáná. Kì í gbiná, kì í rùn, ojú kì í rí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà, bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nínú yàrá tí a tì pa yóò sùn, kò sì ní jí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà kò gùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni, hòtẹ́ẹ̀lì ń hù káàkiri bí olú, Ọ̀gá Fìdẹ̀lí sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbé sìlíńdà. Mo lágbára, mo sì ti pa ilé-ìwé tì. Owó tó ń fún mi kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀. Bàbá mi ni kò fẹ́. Áfáà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ládùúgbò wa. Mo ní, "Bàbá, gáàsì ni mò ń so, mi ò fọwọ́ kan ọtí." Ó ní, "Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún olè, kí ló ń ṣe?" Kò lé mi nílé o, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò jẹ ẹran tí mo bá rà. Ọjọ́ ọdún Iléyá ló máa ń dùn mí jù. Èmi náà kò fi bíà kan ẹnu rí, àwọn oníbàárà a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń se ọbẹ̀ tí mi ò ní tọ́ wò.

Ọmọ Ìpè-Àkókó ni Ọ̀gá Fìdẹ̀lí, ìjọ Àgùdà ló ń lọ. Ó ti bá àwọn tó ń pọn bíà ṣiṣẹ́ lókèèrè kó tó padà wálé wá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́, lọ́nà tó lọ sí Òkè-Àgbè. Ó ga, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ pé nínú fóònù lẹ̀yin ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí. Èmi, ọṣẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Iṣẹ́ mi ni kí n ho ọṣẹ nínú abọ́, kí n fi kànrìnkàn pa á yí gbogbo kọnẹ́tọ̀ ká, kí n wá lóṣòó tì í, kí n máa wò bóyá ìfóófòó kan á wú. Bó bá wú, ó ń jò nìyẹn.

"Ó ń jò àbí kò jò?"

"Kò jò, ọ̀gá."

"Ìgbà wo lo wò ó dà? Wò ó títí yóò fi sú ọ. Bó bá sú ọ tán, kí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó."

Wọ́ṣà ni ọ̀rọ̀ tó le jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́ṣà tí a bá ti tú kúrò lójú kọnẹ́tọ̀, kì í padà síbẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àná la fi í sí i. Ọ̀gá á yọ abẹ lápò, á gé e sí méjì níṣojú oníbàárà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i lò, títí kan òun alára. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ọ̀gá, eléyìí ṣì dáa o." Ó ní, "Ó ti mọ ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Bí o bá gbé e lọ síbòmíràn, kò ní jókòó dáadáa." Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ìgbájú dá mi lóhùn. Àwọn ará Ìkàrẹ́ ń sọ pé ahun ló ń ṣe é tó fi ń gé wọ́ṣà, pé ó fẹ́ kí wọ́n máa ra tuntun ni. Ó gbọ́, ó ń gé wọ́ṣà rẹ̀ lọ.

Ó tún ní òfin fìtílà. A kì í ki orí bọ yàrá tí sìlíńdà bá wà láìkọ́kọ́ tan fìtílà, kí a so ó mọ́ ọ̀pá, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Bí iná bá ń jó geere, a wọlé. Bó bá rọ, tó fẹ́ kú, a ó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀, a ó sì dúró síta. Àwọn tó ń ta bíà a máa rẹ́rìn-ín wa pé ṣé ìsìn la wá ṣe ni. Ọ̀gá kì í rẹ́rìn-ín padà. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn nígbà náà, mo sì sunkún ní kọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Nígbà tó dá mi sílẹ̀, tó ní kí n máa lọ dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, mi ò lọ. Mo dúró tì í bí ọmọ.

Iṣẹ́ ilé Bàbá Bọ́sẹ̀ ló dé lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti ń sá fún un láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ ó ti fura.

Agbaṣẹ́ṣe ni Bàbá Bọ́sẹ̀, ó kọ́lé ńlá sẹ́sẹ̀ òkè ní Ọ̀kà. Ó ti rí i lókè òkun bí wọ́n ṣe ń fa bíà lẹ́nu ẹ̀rọ nínú ilé, ó sì fẹ́ tirẹ̀. A gbé àgbá àti sìlíńdà sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn pálọ̀, a lu ògiri, a fa rọ́bà gba inú rẹ̀. Yàrá náà ní fèrèsé kan. Ọ̀gá pe tọkọtìyàwó, ó ní kí wọ́n má ti fèrèsé yẹn láé, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn níbẹ̀. Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ló sún mọ́ wa. Ọmọ Òkè-Àgbè ni, aránṣọ, obìnrin tó máa ń wo ẹnu ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bó bá jò, ṣé a ó gbóòórùn rẹ̀?"

Ọ̀gá ní, "Rárá, màmá. Kì í rùn."

"Ṣé yóò pariwo?"

"Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń jò, kò ní pariwo."

"Kí la ó wá fi mọ̀?"

"Fìtílà. Ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó bá kú, ẹ jáde."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Bọ́sẹ̀, irú àlejò wo lẹ mú wálé yìí?" Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ gbé òkúta kan wá, ó fi dá fèrèsé náà dúró ní ṣíṣí kí ó má bàa padé. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ yẹ ẹ̀rọ wò, òkúta náà wà níbẹ̀. Bí àkókò ìrun bá tó, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé omi sínú kẹ́tù fún mi, á tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òórùn bíà kò dé. Kò sí ẹni tó rán an. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Bọ́sẹ̀, ọmọdébìnrin tó máa ń wá lóṣòó tì mí, tí yóò máa fi ìka bẹ́ ìfóófòó ọṣẹ mi.

Bàbá Bọ́sẹ̀ ṣàìsàn tí kò gùn, ó kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ kó wọlé láti ṣètò òkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Àgbà, ló di olórí ilé. Àṣà ilé wọn ni pé opó gbọ́dọ̀ jókòó sí yàrá tó wọnú jù lọ, kó máa sùn lórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí fèrèsé wà ní títì, kójú rẹ̀ má rí ìta títí yóò fi parí opó. Yàrá kékeré ẹ̀yìn pálọ̀ yẹn ló wọnú jù. Wọ́n gbé òkúta kúrò, wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà. Wọn kò gbé sìlíńdà kúrò, nítorí àwọn tó ń wá bá wọn kẹ́dùn ń mu bíà, Lékan àbúrò olóògbé ló sì ń pààrọ̀ àgbá.

Awakọ̀ kan tó ń ná Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ ló jíṣẹ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní opó kan sọ ọ̀rọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì sáré wá bá òun ní gáréèjì. Iṣẹ́ tó rán kò ju báyìí lọ: "Ẹ sọ fún Ọ̀gá Fìdẹ̀lí pé yàrá gáàsì ni wọ́n fi mí sí. Ẹ ní kó wá gbé e."

Ọ̀gá kò ti ṣọ́ọ̀bù. A bá mọ́tò náà padà.

Màmá Àgbà ló bá wa pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ọkùnrin tí mi ò rí kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé gbé sìlíńdà òun, tàbí kí wọ́n gbé opó sí yàrá mìíràn.

Màmá Àgbà ní, "Ọkùnrin ulé yìí gan-an ée wọ yàrá opó, ka tó wáá sọ ti ará ìta. Opó náà ti wí tirẹ̀. Ó ní yàrá yìí, ó ní gáàsì. Ọ̀nà à ti jáde ló ń wá. Opó ée yan yàrá."

Ẹ gbọ́ bó ti wí: opó kì í yan yàrá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì gbọ́ èyí tó tún burú tó o.

Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn ó ní bí kò bá ṣeé ṣe kí á gbé e, kí wọ́n kàn lọ lọ́ ẹnu sìlíńdà pa, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Lékan ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá, mo máa ṣe é. Ẹ wá gbé e láàárọ̀ ọ̀la, tí àlejò bá ti dínkù." Mo gbọ́ ohùn Ìyá Bọ́sẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọ̀gá Fìdẹ̀lí, ṣé ẹ ti dé?" Ọ̀gá ní, "A ti dé, màmá." Màmá Àgbà ní kí á máa lọ, pé opó kì í bá ọkùnrin sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a gbé ọkọ̀ wá láti gbé sìlíńdà, ẹkún la kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ ti kú lórí ẹní. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ní kó máa bá a sùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì onírin nínú yàrá kan náà. Orí ń fọ́ ọ, ó ń bì, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ariwo tó sì gbòde ni pé olóògbé ti wá mú aya rẹ̀ lọ. Wọ́n ní òun ló pa ọkọ rẹ̀, ọkọ ti wá gbẹ̀san. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ilé bẹ́ẹ̀? Wọn kò ní sin ín sínú ilé ọkọ. Igbó ni. Ọmọ rẹ̀ á sì di ọmọ ẹni tó pa ọkọ rẹ̀, tí kò ní bá ọmọ ẹlòmíràn jẹun nínú àwo kan. Mo rí Bọ́sẹ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lóun nìkan. Àwọn ọmọ yòókù ti jìnnà sí i.

Ọ̀gá ní kí wọ́n fún òun ní fìtílà. Ó tàn án, ó gbé e dúró lókè lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà, iná ń jó. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, iná kú. Ó ní, "Ẹ rí i? Gáàsì ló wà nílẹ̀. Òun ló pa á. Kì í ṣe òkú."

Ọkùnrin àgbàlagbà kan figbe ta. "Hà! Òkú ti fẹ́ná pa! Ẹ rí i lójú yín!"

Àwọn èèyàn sá. Ọ̀gá tún un tàn, ó tún kú. Ó ki orí bọlé, ó dá èémí rẹ̀ dúró, ó lọ́ ẹnu sìlíńdà pa, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ó dúró pẹ́, ó tún gbé fìtílà sílẹ̀, iná sì ń jó geere. Ó ní, "Ẹ wò ó báyìí, atẹ́gùn ti kó o lọ." Wọ́n ní, "Ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ ti lọ ni." Wọ́n ní bó bá jẹ́ gáàsì, kí ló dé tí kò pa ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ ló ń sùn sí. Wọ́n ní ta ló rí gáàsì tó ń sùn rí? Fìtílà tó fi gba ẹ̀mí àwa là fún ọdún púpọ̀, òun ló fi ìdí irọ́ múlẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Èmi lọ wo kọnẹ́tọ̀. Wọ́ṣà tiwa ti kúrò níbẹ̀. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni Lékan gé síbẹ̀ nígbà tó pààrọ̀ àgbá, sìlíńdà sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ títí dìgbà tí ọ̀gá fi lọ́ ọ pa. Mo fi han ọ̀gá. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi sápò. Lékan ń wò wá, ojú rẹ̀ ti ràn.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ẹbí Ìyá Bọ́sẹ̀ dé láti Òkè-Àgbè. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n fẹ́ dájọ́. Ọ̀gá Fìdẹ̀lí dìde sáàárín wọn.

Ó ní, "Ẹ má ṣe wá ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni mo pa á. Wọ́ṣà tí mo fi sí i ló jò. Iṣẹ́ mi ni, ẹ̀bi mi sì ni. Obìnrin yìí kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Mo la ẹnu. Ó tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi. Lékan kò gbójú sókè. Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ pariwo, ó bú u, ó gbá a létí níṣojú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ara tu àwọn àgbà náà. Wọ́n ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ lè dá lé, ará Ìpè, ará ìta. Wọ́n sin Ìyá Bọ́sẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aya ilé. Màmá Àgbà fa Bọ́sẹ̀ mọ́ra, ó ní òun ni yóò tọ́ ọ. Ọlọ́pàá mú ọ̀gá, wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹbí ní àwọn kò ṣẹjọ́.

Nígbà tí a ń padà lọ sí Ìkàrẹ́, mo bínú, mo sunkún. Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí? Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé!"

Ó ní, "Múfú, ronú. Bó bá jẹ́ pé ìyá ọmọ yẹn ló jẹ̀bi, wọn ò ní fún un lóúnjẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹbí bàbá rẹ̀ ló jẹ̀bi, ta ni yóò fún un lóúnjẹ? Inú ilé ta ni yóò sùn sí, ọwọ́ ta ni yóò máa wò? Jẹ́ kó kórìíra mi. Mi ò sí nílé wọn. Ṣé o gbọ́? O ò gbọdọ̀ sọ ọ́ títí ọwọ́ wọn yóò fi kúrò lórí oúnjẹ rẹ̀." Ó mú mi búra. Èmi fi Kùránì búra, òun fi àgbélébùú tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀gá tán lọ́jọ́ yẹn. Ta ló fẹ́ kí onígáàsì apààyàn so rọ́bà fún òun? Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Ìkàrẹ́ tí a ti bá ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní kó má wá mọ́. Àwọn tó ti ń sọ pé ahun ló ń gé wọ́ṣà ló wá ń sọ pé kò ní ìtọ́jú. Ó kó ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, ó padà sí Ìpè, ó ń dáko. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú títí kò fi lè gbé e nílẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e pọ̀n sí bí wọ́n bá fẹ́ mú un jáde síta. Mo máa ń lọ wò ó. Kò fìgbà kan dárúkọ Ọ̀kà. Bó ṣe wà títí ó fi kú nìyẹn, ní ọmọ ọdún tí kò tó tèmi ìsinsìnyí.

Èmi ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí mi ò mọ òmíràn. Mo yọ orúkọ ọ̀gá kúrò lójú ṣọ́ọ̀bù kí n tó rí oníbàárà, ó dùn mí wọ inú egungun. Bíà inú ìgò wá gba ìgboro, hòtẹ́ẹ̀lì kò ra àgbá mọ́, iṣẹ́ dínkù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ tó ti òkè òkun dé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé firíìjì kékeré bọ̀ tí àgbá ń wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú kọnẹ́tọ̀ oníke tí a kì í fi sípánà dì. Ẹ kàn máa tì í bọ ibẹ̀ ni, á dún "ká", ó parí. Ó dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan rẹ́rìn-ín mi nígbà tí mo ní kó bá mi ho ọṣẹ wá. Ó ní, "Daddy, ó ti dún, ó ti wọlé." Mo ní, "Ho ọṣẹ wá." Ìfóófòó wú níwájú rẹ̀. Nígbà tí ojú mi kò rí ìfóófòó dáadáa mọ́ ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò lè rí i kò gbọdọ̀ ṣe é. Bí ẹ bá ń wá ìmọ̀ràn lẹ́nu mi lórí iṣẹ́ ọwọ́, mi ò ní ju ìyẹn lọ.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá Àgbà kú ní Ọ̀kà, ó gbó, ó tọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, obìnrin kan wá bá mi nílé, tíṣà ni ní Àkúrẹ́, ó ti ní ilé tirẹ̀ àti ọmọ tirẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kó tó dárúkọ, ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wọlé. Ó ń wo ẹnu mi. Òun náà ló yọ̀ǹda fún mi láti sọ ìtàn yìí, níwọ̀n bí mo bá ti yí orúkọ wọn padà.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó kábàámọ̀ kó tó kú."

Ọwọ́ wọn ti kúrò lórí oúnjẹ rẹ̀. Ìbúra mi ti tán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òkúta ojú fèrèsé, iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ rán òun alára lọ sí gáréèjì, ohun tí Màmá Àgbà wí lẹ́nu ọ̀nà, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́, ohun tí ọ̀gá sọ fún mi nínú mọ́tò. Ó bi mí bó ṣe lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, mo sì sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sunkún. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí tíì tí ìyàwó mi gbé fún un fi tutù.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá Àgbà ló kọ́ mi. Bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó fọnu, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní kí n dárúkọ ọ̀gá yín, kí n ṣẹ́ èpè fún un. Wọ́n ní kí n máa wí pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbé e mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń wí i, bàbá. Mo wí i títí mo fi kúrò nílé wọn. Nígbà tí a gbọ́ pé ó ti kú, mo jó."

Mo ní, "Ọmọ mi, èpè kì í ja aláìṣẹ̀."

Ó gbójú sókè wò mí. "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì jókòó bẹ́ẹ̀.